Lọ́yà Onírùngbọ̀n àti Ilé Ẹjọ́ Pálọ̀ Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹsẹ̀ mi kò tíì kanlẹ̀ bí mo bá jókòó sórí sófà, ilé ẹjọ́ wà nínú pálọ̀ wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Woolwich àti Thamesmead nígbà náà mọ̀ pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní ilé àwọn kan, pàṣán ni òfin. Ní ilé àwọn mìíràn, bí ìyá bá ti ṣẹ́jú sí ọmọ níwájú àlejò, ọmọ ti mọ ohun tó ń dúró dè é bí àlejò bá lọ. Ní tiwa, Daddy ni adájọ́, àárọ̀ Sátidé sì ni ìjókòó, lẹ́yìn tí a bá ti gbálẹ̀ tán, tí ìrẹsì wà lórí iná.

Fúláàtì kánsù la ń gbé ní Thamesmead, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí atẹ́gùn odò Thames ti máa ń gba àárín ilé kọjá, tí yóò sì máa súfèé lẹ́nu ilẹ̀kùn wa. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, a lè rí adágún omi, àwọn pẹ́pẹ́yẹ, àti àwọn ẹṣin kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lórí pápá bí ewúrẹ́. Mummy kò fẹ́ràn àwọn ẹṣin yẹn rárá. Ó ní ẹran tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà níta láìní olúwa.

Mummy ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan lọ́nà Shooters Hill. Daddy ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan láàárín ìlú lóru, ó sì máa ń wọlé bí àwa bá ń mura ilé ìwé. Ní Túsìdé àti Tọ́sìdé, dípò kó sùn, yóò wẹ̀, yóò mu tíì, yóò gbé báàgì, ó di ilé ẹ̀kọ́ òfin. Ìdí tó fi wá sí London nìyẹn, kó lè di lọ́yà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. "Lọ́yà wa" ni gbogbo wọn ń pè é. Wòlíì wa tilẹ̀ ríran nígbà kan pé òun rí i nínú aṣọ dúdú, pẹ̀lú irun adájọ́ funfun lórí. Ìjọ ṣe àmín débi pé gbogbo ọmọ tó ti sùn ló jí.

Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Abbey Wood la ń háyà. Sùtánà fífọ̀ ni iṣẹ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀, ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nílé o, ṣùgbọ́n Mummy ní ẹ̀rọ tó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ fọ aṣọ tí a fi ń dúró níwájú Ọlọ́run. Ọwọ́ la fi ń fọ̀ ọ́ nínú báàfù, a ó da búlúù sí i, a ó fún un, a ó sì fà á sókè kó máa ro tótó. Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé a kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Ní àsìkò òtútù, láti inú mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, orí yìnyín la máa ń fò lọ. Àwọn òyìnbó tó ń kọjá lọ rò pé ijó ìsìn wa nìyẹn.

Oúnjẹ ńkọ́? Iṣu ṣọ̀wọ́n, bí ẹyọ kan bá sì dé, bí àlejò pàtàkì la ṣe ń kí i. Ìyẹ̀fun ìrẹsì la ń rò bí iyán, tí a ó sì gbà pé iyán ni. Mummy máa ń fi ẹyin àti sadíìnì sáàárín búrẹ́dì fún wa lọ sí ilé ìwé, òórùn rẹ̀ á sì ti dé ọ̀dọ̀ dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kí àwa tó wọlé. Ní ti eré, a máa ń kan ilẹ̀kùn àwọn ará ilé wa, a ó sì sá lọ lórí afárá kọnkéré tó so ilé wa pọ̀. Ọjọ́ tí a ṣèèṣì kan ilẹ̀kùn bàbá kan tó ní ajá, a dé ilé láìní bàtà, a sì jẹ́jọ́ bàtà ní Sátidé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ilé ẹjọ́ yẹn ti wá. Ìwé kan wà tí Daddy gbé láti Iléṣà wá. Ní ilé ìwé girama ni wọ́n ti fi ta á lọ́rẹ nígbà tó gba ipò kìíní. Ìtàn ìgbésí ayé lọ́yà ará Amẹ́ríkà kan ni, láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ẹṣin rìnrìn àjò. Orúkọ ọkùnrin náà le lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn bo táì rẹ̀, ó sì ń wo ènìyàn bí ẹni tí wọ́n jí adìyẹ rẹ̀ gbé. Bí a ṣe sọ ọ́ ní Lọ́yà Onírùngbọ̀n nìyẹn.

Bí Daddy bá ń lọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, tí àwa sì ń ṣa ẹ̀wà, ìgbà yẹn ló máa ń sọ ìtàn náà. Ọmọ àgbẹ̀ tálákà ni Lọ́yà Onírùngbọ̀n. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré. Ó lọ ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́yà àgbàlagbà kan, bó bá sì gbálẹ̀ tán, yóò máa ka ìwé òfin tí ọ̀gá rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ibí yìí ni Mummy máa ń dá sí i láti ilé ìdáná pé, "Ṣé ẹ gbọ́? Ó kọ́kọ́ gbálẹ̀ o!" Nígbà tí òun náà di lọ́yà, òun àti adájọ́ àti àwọn lọ́yà yòókù á jọ gun ẹṣin láti ìlú dé ìlú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo wọn á há ara wọn mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì kan ní ilé àlejò. Èyí máa ń pa èmi àti Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ lẹ́rìn-ín. Odidi adájọ́, tí ẹsẹ̀ lọ́yà wà ní imú rẹ̀!

Ẹjọ́ tó kọ́kọ́ rò, ó pàdánù rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin kan pé ó da màlúù sínú oko aládùúgbò rẹ̀. Lọ́yà sọ̀rọ̀ títí ètè rẹ̀ gbẹ, síbẹ̀ wọ́n dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Lẹ́yìn ìdájọ́ ló wá tọ ọ̀nà oko yẹn lọ, ó sì bá ọ̀gbun jíjìn kan láàárín oko méjèèjì tí màlúù kankan kò lè fò kọjá. Ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé òun kò ní la ẹnu òun lórí ọ̀rọ̀ kankan mọ́, àfi bí òun bá ti fẹsẹ̀ ara òun tẹ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú rẹ̀ dìbò fún un, ó di ọmọ ilé aṣòfin. Ibẹ̀ ló ti dìde lòdì sí àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú, bẹ́ẹ̀ àwọn tó dìbò fún un gan-an ní ẹrú nílé. Nígbà tí ìbò mìíràn dé, wọ́n yọ ọ́ kúrò bí ẹni yọ jìgá. Ibi tí Daddy wá fẹ́ràn jù lọ nìyí. Ọkùnrin yìí gun ẹṣin nínú òjò, kò dúró jẹun, kò dúró sinmi, kó lè dé ilé ṣáájú ìròyìn. Ó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti fìdí rẹmi, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kejì, ó nu pátákó ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́, ó sì gbé e kọ́ padà. Bí Daddy bá ti dé ibẹ̀, áyọ́ọ̀nù á dúró gbagidi lórí ṣòkòtò, títí Mummy á fi pariwo pé nǹkan ń jóná.

Nítorí ọkùnrin yìí ni Daddy kì í fi í na ọmọ láìgbọ́ ẹjọ́. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni," ohun tó máa ń wí nìyẹn. Yóò jókòó sórí àga ńlá tòun ti ìró àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ọmọrogùn lọ́wọ́ bí ọ̀pá àṣẹ. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn á jókòó sórí àpótí ilé ìdáná. Mummy ló sábà máa ń fẹ̀sùn kan ènìyàn, kò sì sí ẹ̀sùn tí kì í rí. Èmi ni lọ́yà, nítorí ẹnu mi mú bí abẹ. Ẹjọ́ ẹran inú ìkòkò tí Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ jí jẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní, adájọ́, ìkòkò tí kò ní ìdérí, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ dẹ́ṣẹ̀ ni àbí ẹni tó gbàgbé láti dé e? Daddy rẹ́rìn-ín títí ọmọrogùn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dípò kí Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ sókè, abọ́ ló fọ̀. Mummy kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹjọ́ tí kò ní ẹ̀rín nínú dé lọ́dún tí Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ ń ga bí ìlasa, tí ohùn rẹ̀ sì ń há. Auntie Rónkẹ́ ló gbé e wá. Ọmọ ìjọ wa ni, ó ń nu ọ́fíìsì ní òdìkejì odò, ó sì bẹ̀rù omi ju ológbò lọ. Ihò abẹ́ odò tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà ló máa ń gbà lọ, tó ń gbà bọ̀. Ní Fúráìdé kan, wọ́n ti ihò náà pa, ó sì di dandan kó wọ fẹ́rì Woolwich, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ènìyàn sọdá odò. Ó di irin mú, ó ń kọrin ẹ̀mí, ó lajú báyìí, Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ ló rí nínú aṣọ ilé ìwé, níbi tó jókòó sí, tó ń wo omi. Aago ilé ìwé ti lù tipẹ́.

Ní Sátidé, Auntie Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ wá sí ilé ẹjọ́. "Lọ́yà wa, I no dey lie," ni ó wí. "Ọmọ yín ni mo rí with my two eyes. Mo pè é, ó bow orí ẹ̀ sílẹ̀ bíi pé kò mọ̀ mí. School time o!"

Daddy bi Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni. Ó bi í bóyá ìgbà kan ṣoṣo ni. Ó ní gbogbo Fúráìdé ni. Daddy wá bi í pé kí ló dé. Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ wo ilẹ̀.

"Mo jẹ̀bi, sà," ni ó wí.

Mummy dìde. Ó wọ yàrá lọ, a gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ gbàràgàdà lókè wọ́dúróòbù, ó sì gbé àpótí ìrìn àjò ńlá jáde. Gbogbo ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ló mọ ìtumọ̀ àpótí yẹn. "Ó máa lọ sí Nàìjíríà," ni Mummy wí. "Ọ̀dọ̀ bàbá ẹ ní Iléṣà. Mi ò lè wá sí London wá spoil ọmọ."

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ọmọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Dáre. Wọ́n sọ fún un pé hólídè ni wọ́n ń lọ. Ó kó kọ̀ǹpútà géèmù rẹ̀ dání, ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi wọ mọ́tò. Àwọn òbí rẹ̀ padà láìsí òun. Ìgbà tí a tún fi ojú kan Dáre, irùngbọ̀n ti hù lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo ènìyàn títí kan èmi. Èmi kò fẹ́ ẹ̀gbọ́n tí yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ta ni yóò máa fún sùtánà lápá kejì? Ta ni yóò máa sá fún ajá pẹ̀lú mi? Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi yìí púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò sọ ọ́ fún un rí.

Ni mo bá dìde. Auntie Rónkẹ́ ní, "Sit down, ọmọ kékeré," ṣùgbọ́n Daddy ní kí wọ́n jẹ́ kí lọ́yà sọ̀rọ̀. Mi ò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́, àfi ohun kan ṣoṣo tí mo ti rí. Mo ní, adájọ́, gbogbo wa mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ kórìíra aṣọ fífọ̀ ju ewúro lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, òun nìkan ló máa ń ti ara rẹ̀ mọ́ báàfù tí yóò máa fọ ẹ̀yìn kóòtù ilé ìwé rẹ̀. Kí ló wà lẹ́yìn kóòtù yẹn? Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ fojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Mo ní Lọ́yà Onírùngbọ̀n kì í sọ̀rọ̀ àfi bó bá ti dé ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ṣé adájọ́ tiwa á wá dájọ́ láti orí àga ni?

Daddy fi ọmọrogùn gbo orúnkún rẹ̀. Ó ní ilé ẹjọ́ máa lọ wo ọ̀nà náà ní Fúráìdé tó ń bọ̀, àmọ́ kí wọ́n má gbé àpótí padà o, kó ṣì wà nílẹ̀. Mummy bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí mo bá ń lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo máa ń yẹra fún àpótí náà bí ẹni pé ó lè bù mí jẹ.

Ní Fúráìdé yẹn, àwọn olùkọ́ tiwa ń ṣe ìpàdé, ilé ìwé wa kò wọlé. Lọ́yà sì ní láti bá adájọ́ lọ. Daddy dé láti ibi iṣẹ́ tòun ti yúnífọ́ọ̀mù àti fìlà rẹ̀, kò tilẹ̀ jókòó. Ó sọ fún Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ pé kó ṣe gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ṣì ń lọ sí ilé ìwé ní Fúráìdé, kó má sì wẹ̀yìn. Èmi àti Daddy jókòó sẹ́yìn nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, a jìnnà sí i díẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ Woolwich Common ni pápá tí kíláàsì wọn ti máa ń ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ Fúráìdé. Ọ̀nà ibẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kúkúrú kan kọjá. Lórí ògiri yẹn ni àwọn ọmọkùnrin òyìnbó kan jókòó sí, wọ́n dàgbà jù ú lọ. Bí wọ́n ṣe rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọ̀bọ. Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ tẹ orí ba, ó ń yára lọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé e, wọ́n ń tu itọ́ sí i lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ta òkò. Èyí tó ga jù nínú wọn pariwo pé kó padà sí ìlú rẹ̀.

Mo gbójú sókè wo Daddy. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Kó padà sí ìlú rẹ̀. Ohun kan náà tí àwa ti ń di ẹrù rẹ̀ nílé nìyẹn. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n ó yé mi, mo sì mọ̀ pé ó yé Daddy.

Kò sáré. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bá wọn ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó na gbogbo gíga rẹ̀ tòun ti fìlà. Àwọn ọmọ náà wẹ̀yìn, wọ́n rí yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n rò pé ọlọ́pàá ni. Ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-mí. Daddy yọ áńkáṣíìfù, ó nu ẹ̀yìn kóòtù ọmọ rẹ̀ títí kò fi sí ohun tó kù láti nù, ó sì ń nù ún síbẹ̀.

"Tó bá ti rí báyìí, ibo lo máa ń lọ?" ni Daddy bi í.

"Fẹ́rì, sà."

"Ó yá, ká lọ. Ilé ẹjọ́ ò tíì dìde."

A sọ̀ kalẹ̀ òkè náà dé etí odò, a wọ fẹ́rì. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Ẹ̀rọ ń hùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ ní òórùn epo àti iyọ̀, àwọn lékèélékèé òyìnbó ń pariwo lókè. Ọkùnrin òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, aláṣọ olómi-ọsàn, rí wa, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ ló fẹ́ kí. Daddy ló kí. Ó pè é ní Póròfẹ́sọ̀. Ó ní Póròfẹ́sọ̀, ó ṣe jẹ́ òní, ṣebí Túsìdé àti Tọ́sìdé lọjọ́ tìrẹ? Ó wá nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun kò mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni ọmọ ọjọ́ Fúráìdé yìí.

Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ wo Daddy. Daddy wo omi. Àwọn ẹyẹ yẹn ti rọ̀gbà yí Daddy ká, wọ́n ń wo àpò kóòtù rẹ̀.

"Daddy, so ẹ̀yin náà máa ń wá síbí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Jẹ́ kí n délé ná, Táyọ̀," ni Daddy wí. "Ìyá ẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́." A lọ dé òdìkejì, a sì padà.

Ní Sátidé, ìrẹsì wà lórí iná bó ṣe máa ń wà. Auntie Rónkẹ́ kò wá. Daddy jáde láti yàrá, kò wọ ìró, ṣẹ́ẹ̀tì àti táì ló wọ̀. Ó kọjá lára àga ńlá, ó sì jókòó sórí àpótí ilé ìdáná. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ròyìn ohun tó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Woolwich Common. Mummy bo ẹnu, ó fa Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ mọ́ra, ó ń ra ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé itọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Daddy wá sọ tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí òun kò ti dé ilé ẹ̀kọ́ òfin mọ́. Òun fìdí rẹmi nínú ìdánwò, òun tún un ṣe, òun tún fìdí rẹmi. Bàbá òun ti sọ fún gbogbo Iléṣà, wòlíì ti ríran, òun kò sì mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́. Orí fẹ́rì ni òun ń gbé báàgì lọ.

"Mo jẹ̀bi," ni Daddy wí.

Mo ń wo Mummy, ẹ̀rù sì ń bà mí ju ti ọjọ́ àpótí lọ.

"Daddy Táyọ̀," ni Mummy wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ta ló ń fọ aṣọ yín? School wo ni wọ́n ti ń fún ẹyẹ ní búrẹ́dì? Èérún búrẹ́dì ní pọ́kẹ́ẹ̀tì, òórùn diesel lọ́rùn aṣọ. Mo ti mọ̀ since. Mò ń wait pé kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi Lọ́yà Onírùngbọ̀n dí wa létí."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó wá gba ọmọrogùn lọ́wọ́ Daddy, ó lọ jókòó sórí àga ńlá, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Àga yẹn bá a mu ju bí a ṣe rò lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó ń lọ sí Nàìjíríà. Ó ní láti Fúráìdé tó ń bọ̀, bí Daddy bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, yóò kọ́kọ́ sin Táyọ̀ dé pápá tòun ti fìlà rẹ̀, kó tó wá sùn. Ó ní kí Táyọ̀ gbé àpótí padà sókè wọ́dúróòbù, kí lọ́yà sì tètè lọ wo ìrẹsì. Ìrẹsì ti jóná. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, a sì ha ìdí ìkòkò, kò sì sí ìrẹsì tó dùn tó o láti ọjọ́ náà.

Daddy jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Ó sọ fún wọn pé òun kì í ṣe lọ́yà, òun kò sì ní dà á. Ìjọ kò mọ èsì tó yẹ, wọ́n bá kígbe halelúyà. Kò sí ẹni tó ṣíwọ́ pípè é ní Lọ́yà wa, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá pè é.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú àwọn afárá kọnkéré tí a ń sá lọ lórí rẹ̀. Kámẹ́rà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn gbogbo, ọmọ wo ló lè kàn án kó sá? Rélùwéè tuntun ń gbé ènìyàn láti Abbey Wood dé àárín ìlú kí o tó jẹ búrẹ́dì kan tán. Mi ò di lọ́yà. Ọsibítù tó wà nítòsí Woolwich Common ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí mo ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kúkúrú yẹn lójoojúmọ́. Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀ ti di olùkọ́, ó sì ní ọmọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Nígbà tí ọmọ náà ṣe àṣejù lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ ní òun máa rán an lọ sí Nàìjíríà. Ọmọ fò sókè, ó ní, "Dad, is it for December? Ẹ jọ̀ọ́!" A kò lè dájọ́ náà fún ẹ̀rín.

Fẹ́rì ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀. Daddy ti fẹ̀yìntì, irùngbọ̀n funfun ti bo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá dára ní Túsìdé, yóò wẹ̀, yóò mu tíì, yóò dé fìlà. Kì í dá lọ mọ́. Mummy máa ń bá a lọ, òun ló sì ń gbé búrẹ́dì dání.